Ọtí Funfun Tí Mo Jí Lójú Oorun

Yoko, lẹ́bàá Ṣakẹ́tẹ́

Elvire ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kútọnu? Ṣé ẹsẹ̀ tí o ní ó ń dùn ọ́ nítorí ìdúró ti rọlẹ̀? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo wa ń bẹ. Ewúrẹ́ Pauline bí méjì, ọ̀kan ló yè. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àgbàdo ti dé orúnkún, orúnkún bàbá rẹ nìkan ni kò tíì sàn, kò lè gun ọ̀pẹ mọ́, Léon ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń bá a dá ẹmu.

Fortuné onítakisí gbé ìgò ọtí àjàrà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó wé e sínú aṣọ bí ọmọ tuntun. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti fi iṣẹ́ aṣọ rírán sílẹ̀ lọ ta ọtí òyìnbó ni bàbá rẹ kò ti dárúkọ rẹ mọ́. "Ọmọ ẹ" ló máa ń wí fún mi, bí ẹni pé èmi nìkan ni mo bí ọ. Ó ní ọmọ adẹ́mu, ọtí ẹlòmíì ló ń gbé kiri. Ọdún méjì rèé. Nítorí náà nígbà tí mo kà á nínú ìwé kékeré tí o so mọ́ ìgò pé bàbá ni kí n fún, mo ní n kò ní jẹ́ kí ohunkóhun ṣe ọtí yìí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé wọ́n dí i lẹ́nu pinpin. Ọmọ mi, ta ló ń dí ọtí báyẹn? Ṣé o ti gbàgbé ìgò ẹmu tó bẹ́ lábẹ́ ibùsùn Josué ni? Mo fi ọ̀bẹ yọ ìdérí náà, mo fi ewé há a lẹ́nu kó lè máa mí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò níbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò hó. Mo gbétí sí i, kò sọ nǹkan kan. Mo tọ́ ọ wò, kò dùn rárá, ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Mo wá rí ọdún tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ẹmu tiwa kì í rí ọjọ́ kẹrin. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ. N kò bínú sí ọ. Mo kàn lọ bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ akèrègbè Léon, ṣíbí mẹ́ta, mo dà á sí i kó lè jí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń hó.

Lọ́jọ́ Àìkú ni mo gbé e fún bàbá rẹ. Mo ní Mauzac àti Ondenc ló ṣe é, nítorí orúkọ tí mo rí lára ìgò nìyẹn, mo sì ti ń gbàdúrà fún àwọn méjèèjì láti ọjọ́ Ẹtì. Olùkọ́ Euloge tó jókòó tì wá gba ìwé rẹ kà, ó ní orúkọ irú àjàrà ni, pé ní ilẹ̀ Faransé pàápàá wọ́n ti hú wọn dànù, àgbà díẹ̀ ló ku tó ń tọ́jú wọn. N kò gba àdúrà náà padà. Mo tún fi ilà dúdú wẹ́wẹ́ tó wà lókè nọ́ńbà lẹ́yìn ìgò hàn wọ́n, mo ní ebè oko wọn nìyẹn, mo ti kà á, ọgbọ̀n ni, kò tóbi ju tiwa lọ.

Bàbá rẹ gba ife. Gbogbo ará ibí ló ti gé ọ̀pẹ àtijọ́ tí wọ́n gbin ọ̀pẹ tuntun tó ń wá láti Pobẹ̀, òun nìkan ni kò gé tirẹ̀. Ó mu díẹ̀, ó di ojú. Ó ní ẹnìkan ti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀pẹ òun sínú ọtí yìí, ọ̀pẹ ẹ̀bá odò sì ni. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Ó ní ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, ọtí mìíràn wà níbẹ̀ tí kò kánjú, ẹni tó ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó tún gbé ife. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ta ló kọ́ Àwẹ̀ró tó fi ń dá irú ọtí báyìí mọ̀.

Àwẹ̀ró ló pè ọ́, Elvire. Mo ṣe bí ẹni pé n kò gbọ́, kó lè tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ó ní òun ń bọ̀ wá wo ibi iṣẹ́ rẹ. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Sylvie, má fi sórí tèmi, ńṣe ni mo pa á kó má baà jó owó díẹ̀ tó kù níbẹ̀ tán. Owó àyè mẹ́ta ni, tèmi, tirẹ̀, àti ti akèrègbè ẹmu tó fẹ́ gbé wá fún ọ̀gá rẹ. A kò ní dí i lẹ́nu, kí Fortuné fara dà á. Kí o sì gbé ìgò kan pa mọ́ dè é, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, èmi ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a bá ọ láyọ̀. Ibi tí o bá dúró sí, àánú ni yóò máa bá ọ dúró.

Ìyá rẹ, tí kò ní ṣí ìgò mọ́.