Nọ́ọ̀tì Kan Tó Kù Lábẹ́ Jíìpù Yín

Bàbá mi àtàtà, tí mo ń pè tí kò dá mi lóhùn mọ́,

Bọ́sẹ̀ ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ìfàkì, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹ mọ̀ pé oko lẹ mú mi lọ nígbà tí àwọn àbúrò mi ń lọ sílé ìwé, n kò sì bá yín jà lórí rẹ̀ rí. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Màmá ò lè dìde, Bàbá. Níbi tí a ti ń sá kòkó ló ti yọ̀ ṣubú, tí ó sì fi ìbàdí ọ̀tún lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti wà lórí ẹní. Wọ́n ní àwọn dókítà tó lè to eegun irú rẹ̀ wà ní Ìdó. Ṣùgbọ́n inú abà yín níbí la wà, ẹ̀yìn Ayédé, ẹ̀yin náà sì mọ ọ̀nà tó wọlé síbí. Takisí kì í wọ̀ ọ́. Ọ̀kadà ń wọ̀ ọ́, àmọ́ ta ni yóò gbé arúgbó tí ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀ lé orí ọ̀kadà? Jíìpù yín nìkan ló kù.

Jíìpù náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún bí ìgbà tí ẹ wà láyé. Sípíríǹgì ẹ̀yìn ló ti tẹ́, gbogbo àwọn pẹlẹbẹ irin tí wọ́n tò lé ara wọn yẹn ti nà gbalaja bí ẹni tó sùn. Bí a bá kó kòkó sí i, kò sóhun tó burú, kòkó kì í ké. A tẹ́ fóòmù mẹ́ta léra wọn sẹ́yìn ọkọ̀, a gbé Màmá lé e, mo sì ń wà á lọ bí ẹ ṣe máa ń wà á, jẹ́jẹ́. Ẹ rántí bí ewúrẹ́ ṣe máa ń kọjá wa lójú ọ̀nà? Ẹ ó bọ́ fìlà yín lé orúnkún, Màmá á jókòó níwájú, á fọwọ́ di ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ mú, á ní, “Bàbá wọn, ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ kí n lọ dáná dè yín?” Ẹ kàn máa ń rọra mú eré yẹn dín kù sí i.

Bí mo ṣe ń lọ jẹ́jẹ́ náà nìyẹn, síbẹ̀ gbogbo kòtò tí táyà wọ̀, irin á gbá irin, Màmá á sì ké. Bàbá, ẹ ò gbọ́ igbe yẹn rí. Ọjọ́ tí ẹ kú pàápàá, aṣọ ló fi di ẹnu ara rẹ̀. A ò tíì dé odò tó fi ní, “Ẹ dá mi padà. Ẹ dá mi padà sí ulé mi, kí n kú ní pẹ̀lẹ́.” Mo yí ọkọ̀ padà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n yọ sípíríǹgì náà. Mo mọ ohun tí ẹ sọ. Ẹ ní ohun tó bá ọkọ̀ yìí wá láti òkè òkun ni yóò bá a dé òpin. Mo rántí mẹkáníìkì tó ti Ọ̀yẹ́ wá, tó ní òun á yọ sípíríǹgì yẹn, òun á fi ti lọ́rì sí i, kó lè gba ẹrù sí i. Ẹ bi í pé ṣé òun á gbà kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ òun, kí wọ́n fi ti màlúù rọ́pò. Ọkùnrin náà kó sípánà rẹ̀, ó lọ, kò tilẹ̀ dúró mu omi. Títí ẹ fi lọ, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ náà, n kò jẹ́. Àwọn ará abà ní orí kunkun yín lẹ fi jogún fún mi.

Fẹ́mi àbúrò mi ló ra òmíràn ránṣẹ́ láti Èkó, tòkunbọ̀, láti ara irú jíìpù yìí kan náà, ó sì ṣì ń ta bí ọrun. Kọ́lá mẹkáníìkì gbé e wá láti Ìfàkì lórí ọ̀kadà, ó gbé e dábùú itan. Ó sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, Màmá á ti máa sùn lójú ọ̀nà Ìdó.” Ó jáàkì ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, a to ìtì igi sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì jáde wọ́ọ́rọ́. Bí ó ti ń fà á yọ, irin òkè pátápátá ṣẹ́ sí méjì mọ́ ọn lọ́wọ́ bí igi gbígbẹ. A wá mọ̀ pé kò sí ọ̀nà àtidá a padà mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wàhálà wà. Gbogbo nọ́ọ̀tì ibẹ̀ tú, àfi ẹyọ kan, èyí tó wà lẹ́bàá táńkì epo. A da kẹrosíìnì sí i, a dúró di ọjọ́ kejì. A da omi bíréèkì sí i. A fi páìpù mú ọwọ́ sípánà gùn sí i, èmi àti Kọ́lá jọ fà á títí etí nọ́ọ̀tì náà fi di róbótó, sípánà ò rí ibi dì mú mọ́. A ò lè dá iná sí i nítorí táńkì. Kọ́lá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wò ó pẹ́. Ó ní, “Ta ló fi òòlù lu ẹnu bóòtù tí nọ́ọ̀tì yìí wà lórí rẹ̀ pẹlẹbẹ? Kì í ṣe pé ó kàn dógùn-ún o. Ẹni yìí ò fẹ́ kó jáde láéláé.”

Mo rántí ọjọ́ kan tí ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ yín méjèèjì nìkan ló yọ síta, ẹ ń kọ orin ìjọ láìlo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òòlù sì ń dún. Mo rò pé ẹ ń tún nǹkan ṣe ni. Ṣé ìyẹn ni, Bàbá? Ṣé torí ọkùnrin Ọ̀yẹ́ yẹn ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, èmi tí mo jókòó níbẹ̀ tí mo ń pọ́n àdá?

Láti inú yàrá, bí òòlù wa bá ti dákẹ́, Màmá á pariwo, “Ṣé ó ti jáde?” Mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó yá, mo sọ ohun tí Kọ́lá rí fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún dé ìbàdí. Ó ní, “Mo ti mọ̀. Bàbá yín ló dì í mú. Kò fẹ́ kí n lọ.” Katikíìsì tó wá gbàdúrà fún un gbọ́, ó ní, “Màmá, òkú kì í di nọ́ọ̀tì mú.” Màmá wò ó, ó ní, “Ìwọ ò mọ ọkọ mi.”

Àwọn ọ̀dọ́ abà ní kí a fọwọ́ gbé Màmá lọ. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn kan, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Màmá wo ilẹ̀kùn náà, ó wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dì í mú. Ó ní, “Báyìí ni wọ́n ń gbé òkú. Ẹ jẹ́ n kú ná.” Wọ́n dá ilẹ̀kùn padà sáyè rẹ̀.

Kọ́lá ti lọ sí Ìkọ̀lé láti mú ẹni tó ní gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin wá. Wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ sọ táńkì kalẹ̀, wọ́n á wá fi iná gé bóòtù náà. Ọjọ́ tó lọ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Odò ti kún bo afárá igi. Bọ́sẹ̀ gun orí àpáta pẹ̀lú fóònù rẹ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ìpè ti ń wọlé, ó pe Kọ́lá, Kọ́lá sì ní ìgbà tí omi bá fà làwọn tó lè gbé gáàsì náà kọjá. Òjò ò sì dá. Jíìpù yín wà lórí ìtì igi, ìdí lókè, imú nílẹ̀, adìẹ sì ti ń sá òjò sábẹ́ rẹ̀. Kò ṣe é wà, kò ṣe é dá padà.

Màmá ò bèèrè mọ́, Bàbá. Ara rẹ̀ ń gbóná. Ẹ̀kọ mímu ló ń mu tẹ́lẹ̀, ó ti ń dá ìyẹn náà padà. Ó ń bá yín sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́. Nígbà mìíràn ẹ ń jiyàn, nítorí ohùn rẹ̀ máa ń le. Kí lẹ ń sọ fún un?

Mo wá sí ojú oórì yín nínú òjò lánàá, mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé katikíìsì ò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u sílẹ̀. Mo tún padà lọ sábẹ́ ọkọ̀, mo fa nọ́ọ̀tì yẹn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Kò mì. N kò mọ ohun tí mo tún lè ṣe. Gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi, iṣu ni, kòkó ni, ìgbà tí a ń gbìn àti ìgbà tí a ń ká. Ẹ ò kọ́ mi ní bí a ṣe ń jókòó ti ìyá ẹni tí a ò sì lè gbé e.

N kò bínú sí yín. Bí irin lásán bá ni, mo kàn ń bá irin sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yin bá ni, ó ti tó. Bí omi bá fà, a ó gé e, ẹ má bínú sí mi.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni Màmá ń bọ̀ kí omi tó fà, Bàbá, ẹ má jókòó dè é. Ẹ jáde wá pàdé rẹ̀ lọ́nà. Kò lè rìn.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà nínú oko yín.