Férémù Abẹ́ Pijó Rose

Èmi, Dominic Olúsànyà Àlàmú, mẹkáníìkì, ọmọ bíbí Ìjù-Odò, tí mo ti fi Òkìtìpupa ṣe ibùgbé láti ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí. Orí mi pé, mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ àwọn tí mo bí, ẹnikẹ́ni kò sì dúró lé mi lórí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó kà á tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi ní Àkúrẹ́. Dókítà ní kò le. Mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n èmi náà ti sọ fún ọ̀pọ̀ oníbàárà pé iṣẹ́ ọkọ̀ wọn kò le, mo sì mọ bí òmíràn ṣe parí. Ìyẹn ni mo fi ní kí n tètè kọ ọ́.

Ìkínní. Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni Adéwùmí, akọ̀wé ìjọ wa, àti Benedict, àbúrò mi, tó ń jó irin ní òdìkejì ọgbà mẹkáníìkì mi. Mo mọ̀ pé ó máa ya Benedict lẹ́nu láti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ níbí. Ó di ọdún kan àti oṣù méje tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti ń kí ara wa nínú ìjọ bí àjèjì.

Ìkejì. Ilé mi oníyàrá mẹ́rin jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì, Jésùtómi àti Mofẹ́olúwa. Kí wọ́n má tà á. Yàrá tó kọjú sí kànga, níbi tí aṣọ àdúrà ìyá wọn ṣì kọ́ sí lára ògiri, jẹ́ ti Jésùtómi. N kò tíì lè ká aṣọ náà kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà tí Rose ti kú. Bí òun bá lè ká a, kí ó ká a.

Ìkẹta. Oko ọ̀pẹ mi ní Ìjù-Odò jẹ́ ti Mofẹ́olúwa, pẹ̀lú ewúrẹ́ méjì àti àgùntàn tó ń tiro. Ọdún méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́ mẹkáníìkì, títí di òní kò mọ sípánà méjìlá yàtọ̀ sí mẹ́tàlá. Mo pariwo mọ́ ọn nítorí rẹ̀, mo pè é ní ọ̀lẹ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kan ń mú ọ̀pẹ so ni, èmi ni n kò fẹ́ rí i.

Ìkẹrin. Gbogbo irinṣẹ́ mi, jáàkì mi mẹ́ta, àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí wọ́n kó wọn fún Benedict. Kó má ṣe rò pé mo fi wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ náà wà nísàlẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìkarùn-ún. Ọ̀rọ̀ Pijó 504 funfun tí ìyàwó mi Rose fi èrè púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó ń tà, rà. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi tí mo fi lè há a fún ẹnikẹ́ni. Rose ti kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Jésùtómi lọ́wọ́ kó tó kú, ọmọ náà sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń nù ún kó tó nu bàtà ara rẹ̀. Òtítọ́ nìkan ni mo ní láti fi sílẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo rí i pé ìpẹtà ti jẹ férémù iwájú rẹ̀, ìyẹn irin ńlá tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, tí apá táyà iwájú méjèèjì so mọ́. Bí irin yẹn bá já lórí ìrìn, táyà á yà síbi tó wù ú, sítíárì kò ní gbọ́ràn mọ́. Jésùtómi, tó ń ṣe tíṣà ní Òde-Ìrèlè, ní kí n ra èyí tó dára jù, ó sì kó owó rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò ní Ọ̀rẹ̀, dọ́là ti gbówó lé gbogbo nǹkan. Férémù gidi, tí wọ́n ń ṣe lókè òkun fún àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, ti di ìlọ́po méjì owó ọwọ́ mi. Tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ ti pẹtà ju tiwa lọ. Èyí tó kù ni àfarawé kan tí kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é lára, tuntun, tó ń dán, tí iye rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó wà lápò mi.

Oníṣòwò náà mọ̀ mí, ó jẹ́ kí n gbé méjèèjì wálé fún ọjọ́ mẹ́ta. Benedict gbé wọn sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ekùrọ́. Gidi jẹ́ kílò méjìdínlógún, àfarawé jẹ́ mọ́kànlá. Ó dọ̀bálẹ̀ kí n má bàa pè é ní aláfojúdi, ó wá ní inú irin ni wọ́n ti yọ kílò méje yẹn, pé jíjó tí wọ́n jó o pọ̀ kò wọ inú irin, àti pé kò ní pé ọdún méjì tí yóò fi là. Mo ní kílò kọ́ ni Pijó ń jẹ. Mo ní kó lọ gbájú mọ́ géètì tó ń jó. Mo lé e jáde ní ọgbà tí àwa méjèèjì jọ ṣán igbó rẹ̀.

Kí ni ìbá ná mi láti padà sọ fún ọmọ mi pé owó náà kò tó? Ojú ló tì mí. Mo ti fọ́nnu fún un pé kò sí ọjà ọkọ̀ tó lè bọ́ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo dá gidi padà, mo fi àfarawé sí i, mo fi owó tó kù ra ṣọ́ọ̀kì, bọ́ọ̀ṣì àti táyà mẹ́rin tó dára. N kò jẹ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Jésùtómi pé férémù gidi ni, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ìkẹfà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìkórè ìjọ. Jésùtómi ní kí wọ́n ya ọkọ̀ náà sí mímọ́. Èmi ni mo fi jáàkì gbé e sókè. Wòlíì ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tòun ti aṣọ funfun, ó ta òróró sí férémù náà gan-an, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mo rí ìlà tín-ínrín kan lójú jíjó rẹ̀ lápá òsì. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ oníbàárà ni, ọjọ́ náà ni mo máa tú u. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ti ta òróró sí níwájú gbogbo ìjọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ tú u jù sórí ààtàn? Wọ́n á ní mo ń sọ pé àdúrà náà kò gbà. Wọ́n á sì bi mí léèrè ohun tó ṣe férémù olówó ńlá. Mo jó ojú rẹ̀ pa, mo kùn ún ní ọ̀dà dúdú, mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ náà bá ti kọjá lórí gegele, mo máa ń gbọ́ ìró kan lápá òsì. Jésùtómi kì í gbọ́ ọ, nítorí ó máa ń kọrin bó bá ń wakọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má dá Wòlíì lẹ́bi. Ohun tí mo sọ fún un ló gbàdúrà lé lórí.

Ìkeje. Àwọn adìyẹ mi mẹ́sàn-án jẹ́ ti àwọn ọmọ Jésùtómi méjèèjì.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo sì fi bíìrò sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ni yóò jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì. Jésùtómi ní bàbá òun kò ní wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ abẹ, pé Pijó ìyá òun ni òun máa fi gbé mi gba Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó dé Àkúrẹ́, òun àti àwọn ọmọ. Láti Ọjọ́ Àìkú tó ti sọ ọ́, oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi mọ́. Ọ̀bẹ dókítà kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù.

A kì í ṣí ìwé ìhágún títí ẹni tó kọ ọ́ yóò fi kú. Kí n má purọ́ fún yín, ìyẹn gan-an ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ férémù yìí nígbà tí n kò ní sí níbẹ̀ láti rí ojú ọmọ mi. Ojo ni mí. Ṣùgbọ́n férémù náà kò ní dúró de ikú mi.

Ìkẹjọ. Nítorí náà, mo pàṣẹ pé abala karùn-ún títí dé èyí kì í ṣe ti lẹ́yìn ikú mi. Òní ni kí wọ́n mú wọn ṣẹ. Jésùtómi, má ṣe wa ọkọ̀ yẹn mọ́, kódà dé ẹnu ọ̀nà ìjọ. Kí Benedict tú férémù náà, kó gé e wẹ́wẹ́ kí ẹlòmíràn má bàa rà á. Kí wọ́n ta jẹnẹrétọ̀ ńlá inú ọgbà mi, kí wọ́n fi ra gidi. Bọ́ọ̀sì ni n ó wọ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Benedict, òótọ́ ni o sọ, èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, jọ̀ọ́ dárí jì mí.

Mo buwọ́ lù ú ní ọgbà mẹkáníìkì mi, Òkìtìpupa, Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ọdún 2025.

Dominic Olúsànyà Àlàmú

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí: Àwa méjèèjì rí Dominic Àlàmú bó ṣe buwọ́ lu ìwé yìí ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, kò sì sí ẹni tó ń jogún rẹ̀ nínú wa. A tún jẹ́rìí sí i pé ó pe Jésùtómi lórí fóònù níṣojú wa. Ó na ìwé náà sí Helen, ọ̀kan nínú wa, pé kó bá òun kà á fún un láti abala karùn-ún títí dé ìkẹjọ. Helen kà á. Jésùtómi béèrè bóyá bàbá òun wà níbẹ̀. A ní ó wà níbẹ̀. Ó ní kó má lọ ibì kankan, pé òun ń bọ̀, ọ̀kadà ni òun máa gùn. Bí a ti ń fọwọ́ sí i yìí, Dominic jókòó sórí táyà lẹ́nu géètì, ojú rẹ̀ sì wà lójú títì.

Helen Jùwọ́nlọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì
Òkìkíolúwa Ọmọ́wùmí, rewáyà (oníná ọkọ̀), aládùúgbò