Àdùkẹ́ Kò Jẹ Ẹran

Ọjọ́bọ̀, Àjàṣẹ́, ìrọ̀lẹ́

Àdùkẹ́ tún tu ẹran jáde lónìí. Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo pò ó mọ́ ẹ̀kọ, síbẹ̀ ó fi ahọ́n tì í síta, ó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ tàn án jẹ. Ẹyin náà, kò fẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n ọ́n ní kò tóbi tó ọmọ ọdún méjì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ká ní Ìbàdàn ni mo wà ni, màmá mi ì bá ti gbà á lọ́wọ́ mi. Níbí, ta ni mo fẹ́ bi? Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lọ sí Parakou.

Ibi tí mo ti ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà ni Ìyá Sènan, ará Ègùn tó ń gbé yàrá kejì, ti rí mi. Kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀.

"Ìyá Àdùkẹ́, wá jẹun."

Ó gbé ọmọ mi sáàárín àwọn ọmọ tirẹ̀ nídìí abọ́ wàrà díndín. Àdùkẹ́ ń wo ọwọ́ wọn. Ó mú ẹyọ kan, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn. N kò mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

"Wàrà dára bí ẹran," ni Ìyá Sènan wí. "Ẹ wá lọ́la."

Bàbá Àdùkẹ́ pè lẹ́ẹ̀kan.

"Ṣé ó jẹun?"

"Ó jẹ wàrà dáadáa."

"Ọlọ́run ṣeun."

Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi náà jẹun, pé mo bá èèyàn jẹun, ṣùgbọ́n ó ní èrò ti kún ọkọ̀.