Ẹṣin Etí Òkun ní Ìgàndó

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò mi o. Báwo ni gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́? Ara mi le, Alihamudulilai. Inú yàrá tá à ń kó aṣọ fíìmù sí l'Ẹ́gbẹ̀dá ni mò ń sùn, àkẹtẹ̀ kabọ́ọ̀ì ni ìrọ̀rí mi. Ẹ ò rí i pé ayé ni mò ń jẹ!

Pápá kan n'Ígàndó la ti ń ya fíìmù kabọ́ọ̀ì náà. Èmi ni Oníbọn Méjì. Ó yẹ kí n fi ẹṣin sáré lọ bá Charity, ọmọbìnrin kan tó ń ṣerun l'Ákówọnjọ, kí àwa méjèèjì fa ìbọn yọ. Ṣùgbọ́n etí òkun ni wọ́n ti yá ẹṣin yẹn wá, níbi tó ti máa ń gbé èèyàn rìn díẹ̀, táá sì gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti gùn ún. Bá a ṣe dé ìdajì pápá, ló bá yí padà, ó ń gbé mi lọ sílé! Ẹ̀ẹ̀mẹfà la tún un ṣe. Charity ń pariwo pé, "Mùíz, ṣé ẹ̀rù mi ń bà ọ́ ni?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ọ̀gá Richard tó ń darí wa ní kí wọ́n kúkú tún ìtàn náà kọ, jàre, kí n máa sá lọ títí dé òpin.

N ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, Ìyá: bí wọ́n ṣe kọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí Charity yìnbọn pa mí lọ́jọ́ kìíní ni, kí iṣẹ́ mi sì parí síbẹ̀.

Ẹ bá mi kí Hàbíbátù àbúrò mi. Àdúrà tí ẹ gbà nígbà tí mò ń kúrò nílé, pé bí mo ṣe lọ ni n ó ṣe padà bọ̀, ẹ má dá a dúró o. Ẹṣin ti ṣe àmín.

Mùíz yín