Òwú Ti Kúrò ní Yàrá Kejì

Bwari,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ọjà.

Èyítáyọ̀, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, nítorí ẹni tí a bá kí dáadáa kì í tètè bínú. O kú ọyẹ́, o kú iṣẹ́, o kú ara wíwúwo. Ọlọ́run tó fún ọ lóyún yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, agogo ìdààmú kò ní lù nínú ilé rẹ. Bá mi kí Akínọlá ọkọ rẹ. Ọmọ dáadáa ni, má sì bá a jà lórí ọ̀rọ̀ òwú, èmi ni mo rán an níṣẹ́. Àwa náà wà níhìn-ín, à ń dúpẹ́. Òtútù orí òkè yìí ti là wá létè, ṣùgbọ́n ẹ̀wà àti dùǹdú mi ń tà, nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà lójú ọ̀nà yẹn, bí wọ́n bá ti kàwé tán, ebi a máa pa wọ́n bí ẹni tó roko.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí tí o kò gbọ́ ohùn mi. Fóònù mi ló bọ́ sínú garawa omi. Ràṣídátù, aládùúgbò mi tó ń hun fìlà, ní kí n tètè fi í sínú ìrẹsì, pé ìrẹsì a máa wò ó sàn. N kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo se ìrẹsì, mo bù ú ní gbígbóná lé fóònù lórí, mo sì dé e, nítorí mo rò pé òtútù ló mú un. Nígbà tí Ràṣídátù dé tó ṣí abọ́ náà, ó jókòó sílẹ̀. Ó ní ìrẹsì tí a kò tíì sè ni òun ní lọ́kàn. Ta ló fẹ́ mọ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò rí aláìsàn tí wọ́n ń fún ní ìrẹsì tí a kò sè. Bí o bá tún pè tí obìnrin kan bá ń fi òyìnbó sọ fún ọ pé wọn kò rí mi, má dá a lóhùn. Mo wà nílé. N kò mọ ohun tí mo fi ṣe obìnrin náà. Ràṣídátù ní kí n fi fóònù tòun pè ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, n kò fẹ́ kí ẹlòmíràn dúró tì mí gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò.

Ṣé o rántí ohun tí o sọ kí fóònù mi tó kú? Mo bi ọ́ pé ọjọ́ wo ni kí n máa bọ̀, kí n lè wà níbẹ̀ wẹ ọmọ. O kọ́kọ́ béèrè bí ọjà ṣe ń lọ. O wá ní, Màmá, kò sí àyè, òwú ló kún yàrá kejì. O ní òwú tí o ti ń rà láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọge ni, pé ìwọ àti àwọn obìnrin kan tí ẹ pàdé lórí fóònù ti jọ ṣèlérí pé ẹ kò ní ra tuntun mọ́ títí èyí tó wà nílé yóò fi tán, pé ẹ kò sì ní kàn máa hun ohun tó bá sáà ti wá sọ́wọ́, ìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ tí ẹ ní lọ́kàn fún un kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi, ìwọ nìkan ni mo bí. Láti Bwari sí Jahi tí ẹ ń gbé kò jìnnà, bí mo bá wọ mọ́tò láàárọ̀, n ó dé kí ẹ tó jẹun ọ̀sán, àmọ́ ìyá kì í já wọ ilé ọmọ tó wà lọ́kọ nígbà tí wọn kò pè é. Mo wá rò ó pé bí ó bá jẹ́ òwú ló gba yàrá mọ́ mi lọ́wọ́, kí òwú jáde.

Ni mo bá bẹ Tàófíìkì, ọmọ Ìṣẹ́yìn tó ń wa takisí ní àdúgbò wa. Ó pe Akínọlá, ó sì wá sí ilé yín ní ọjọ́ tí ìwọ wà níbi iṣẹ́. Ó ní bí Akínọlá ṣe gbọ́ pé òwú ni òun wá kó, kò bèèrè ìdí rẹ̀, Akínọlá fúnra rẹ̀ ló ń ru àpò wá sí géètì, ó ń sáré, ó sì ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n rò pé ó ti tán, ó tún padà lọ fa méjì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fún Tàófíìkì ní omi tútù àti owó epo. Má bá a wí. O sì gbọ́, o ní kí Tàófíìkì sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan òwú rẹ láìní ìdí pàtàkì. Mo ní ìdí pàtàkì.

Nígbà tí mo tú àwọn àpò náà, ẹ̀rù bà mí, ó kún yàrá mi títí dé ojú fèrèsé. Mo rí i pé wọ́n lẹ ìwé mọ́ ìdì kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ya èèwọ̀ òwú náà sí i lára. Wọ́n ya abọ́ omi tí ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ni pé kí a fọ ọwọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo sì ń fọ̀ ọ́. Wọ́n ya áyọ́ọ̀nù, wọ́n fi igi dábùú rẹ̀, ìyẹn ni pé òwú náà kì í bá áyọ́ọ̀nù gbélé, mo bá gbé tèmi lọ fún Ràṣídátù. Èyí tó ní igun mẹ́ta tí wọ́n fi igi dábùú ni kò yé mi. Mo fi han Waliyat, ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà tó máa ń jẹ ẹ̀wà lọ́dọ̀ mi. Ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó ní òun kò lè sọ nǹkan kan sí i àfi bí òun bá gbọ́ tẹnu ẹni tó yà á. Ọmọ náà yóò ṣe lọ́yà. Èmi fúnra mi ni mo padà rí i pé ààrò mẹ́ta ni wọ́n yà, pé a kò gbọdọ̀ hun ún nídìí iná, ni mo bá gbé àga mi jáde síta.

Bí èmi àti Ràṣídátù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun ń fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun, èmi ń lo kọ́rọ́ṣè, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìkọ́ lẹ́nu. Mo pa òfin rẹ mọ́. N kò fi abẹ́rẹ́ kan òwú kankan láìní ẹni kan lọ́kàn, mo ń dárúkọ onítọ̀hún, mo sì ń ṣàdúrà díẹ̀ fún un kí n tó so ojú àkọ́kọ́. Mo hun fìlà tó bo etí fún bàbá Gwari tó ń tà mí níṣu, ó dé e, ó ní yauwa, ìyẹn ni pé ó dára, kò sì tíì ṣí i láti ọjọ́ náà. Mo hun aṣọ fún kẹ́tù tí ọkọ Ràṣídátù fi ń ṣe àlùwàlá, kí omi rẹ̀ má baà tètè tutù. Òwú aláwọ̀ ọsàn ló wá pọ̀ jù, kò sì sí Mùsùlùmí tàbí Kristẹni tó gbà láti wọ̀ ọ́. Mo bá ro ti àwọn ewúrẹ́ mi, mo hun ẹ̀wù fún wọn, mo dá ihò ìrù sí i. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tó bá mi du ewúrẹ́ mọ́, ẹni tó wà lórí òkè pàápàá ń rí wọn.

Ràṣídátù ya ìyá ewúrẹ́ náà ní fọ́tò, ó gbé e sórí fóònù rẹ̀, ó ní àwọn ènìyàn ń fi ọkàn wọn ránṣẹ́ sí i. Mo ní kí ó fi hàn mí. Lóòótọ́ ni, ọkàn pupa ló kún ibẹ̀, títí kan ti àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n. N kò mọ ohun tí ọkùnrin onírùngbọ̀n ń wá lọ́dọ̀ ewúrẹ́, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó béèrè iye tí a fẹ́ tà á. Mo ti so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé.

Ti Waliyat tún wà níbẹ̀. Ó fi irun funfun tí àwọn lọ́yà ń dé hàn mí, èyí tí yóò dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á sí ẹgbẹ́ lọ́yà. Àánú ṣe mí. Ẹni tó hun nǹkan náà kò parí rẹ̀, ó kàn jẹ́ kí ó máa rọ̀ ní wúrúkúwúrúkú lẹ́yìn. Mo gbàdúrà fún un, mo sì hun tuntun tó bo orí dáadáa, pẹ̀lú òwú yẹ́lò kan tó rọ̀. Ó wò ó títí, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kò sí adájọ́ tó máa rí òun tí kò ní sọ̀rọ̀.

Báyìí ni òwú ń tán tí inú mi ń dùn. Àpò tó bá ti ṣófo, n ó ká a, n ó sì sọ lọ́kàn mi pé ibi tí ẹní mi yóò wà nìyí, ibi tí n ó gbé abọ́ ìwẹ̀ ọmọ sí nìyí, ibi tí n ó na ẹsẹ̀ mi sí kí n tó gbé ọmọ lé e nìyí. Mo fi ti ọmọ náà sí ìkẹyìn, bí ọmọdé ṣe ń tọ́jú ẹran sí ẹ̀gbẹ́ àwo. Aṣọ ìbora ni, yẹ́lò ni, n kò sì hun ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ku etí kan ṣoṣo nígbà tí òwú tán. Mo gbọn gbogbo àpò, mo wo abẹ́ àga, kò sí. Ìgbà náà ni mo rántí irun lọ́yà. Mo lọ bá Waliyat pé kí ó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n tú u, ó ní òun ti fi ránṣẹ́ sí ìyá òun ní Ìlọrin, ìyá rẹ̀ sì ti fi bo rédíò. Ó dùn mí gan-an, Èyítáyọ̀. Mo wọ ewúrẹ́ láṣọ, mo ṣe kẹ́tù lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ-ọmọ tèmi ni aṣọ rẹ̀ kò wá pé.

Nítorí náà owó tí mo fẹ́ tọrọ kì í ṣe ti epo, kì í sì í ṣe ti fóònù. Owó ìdì òwú kan ni, yẹ́lò, kí ó rọ̀. Mo mọ̀ pé o ti ṣèlérí pé o kò ní rà. Èmi kò ṣèlérí, àwọn obìnrin orí fóònù yẹn kò sì mọ̀ mí. Fi rán Tàófíìkì, má fi í sí báńkì. Èyí tí o fi síbẹ̀ lọ́jọ́sí, mo lọ bá ẹ̀rọ ara ògiri náà, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, bẹ́ẹ̀ ìwọ lo sọ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni. Mo kí i, mo sì padà sílé.

Ó ku ohun kan. Kọ nọ́ńbà géètì yín fún mi sínú ìwé. Nígbà tí mo gbé iṣu wá lọ́jọ́ kan tí o kò sí nílé, n kò sọ fún ọ, máígáàdì ní kí n sọ nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní èmi ni mo bí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ó ní kai, ó kí mi ní sànnu Màmá, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ńkọ́. Mo gbé iṣu náà fún un, mo yí padà. Èmi tí mo mọ ìgbà tí o kọ́kọ́ ké láyé, n kò mọ nọ́ńbà ilé rẹ, ó sì dùn mí ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí fìríìjì yín, tí mo ń pa lálẹ́ kí ó lè sùn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan, lo ṣe ní kò sí àyè, wọ́n ti là mí lọ́yẹ̀ pé kì í sùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ọkọ rẹ ló ń bọ̀, àwa méjèèjì lè jọ wẹ ọmọ, òun a di orí mú, èmi a di ẹsẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kì í ṣe òwú ni kò jẹ́ kí àyè wà lọ́jọ́ náà, jọ̀wọ́ má sọ fún mi. Jẹ́ kí ó jẹ́ òwú. Òwú ti tán.

Ọlọ́run yóò tọ́jú rẹ fún mi. Bí mo ṣe bí ọ tí n kò kú, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà yóò bí tí o kò ní kú, wàá gbé e pọ̀n, wàá sì tọ́ ọ dàgbà títí òun náà yóò fi ní ilé tí yóò pè ọ́ sí. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ̀yìntọlá.

Mo fẹ́ gbàgbé. Àwọn àpò tí Tàófíìkì gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, ohun tí a hun fún ọ ló wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ búlúù, tí yóò gbé kalẹ̀ kẹ́yìn, kì í ṣe òwú. Aṣọ mi ni, àti kànìnkànìn tí n ó fi wẹ ọmọ. Má tú u. Bá mi gbé e sí yàrá kejì.