Ògiri Tí Frederick Ìbítáyọ̀ Ògúnsànyà Kọ̀ Láti Kùn

Ní ìlú Ayépé ni a bí Olóògbé Frederick Ìbítáyọ̀ Ògúnsànyà sí ní ọdún 1931. Olóògbé Simeon Ògúnsànyà, àgbẹ̀, ni bàbá wọn. Ìyá wọn ni Olóògbé Mọ́ṣádé, tó ń hun ẹní tà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Imùṣin. Ẹni tó bá mọ ilé Ògúnsànyà mọ̀ pé a kì í parọ́ fi wá ojúrere ẹnikẹ́ni.

Bàbá wa, Frederick, ka ìwé mẹ́fà jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ayépé ní 1947, wọ́n sì lọ kọ́ṣẹ́ péńtà ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n fìdí kalẹ̀ sí títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ní 1958, wọ́n gbé Matilda Ọmọlará, ọmọ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, níyàwó.

Ohun tí àwọn kan ń tìtorí rẹ̀ bínú sí Bàbá ni pé wọ́n máa ń pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí péńtà mìíràn bá dé yàrá, agolo ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Bàbá yóò fi ìka kan ògiri yíká, wọn yóò ha ọ̀dà àtijọ́ tó ti ń bó dànù, wọn yóò gbẹ́ ibi tó lanu kó fẹ̀ kí puti lè wọlé dáadáa. Wọn yóò dí i, wọn yóò jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó fi sandipépà fá a kúnná. “Ọ̀dà kì í wo ògiri sàn,” ni wọ́n máa ń wí. Àwọn náà ni wọ́n kun inú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní 1979, níbi tí wọ́n ti ń kọ bẹ́ẹ̀sì nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1986 yìí, onílé kan pè wọ́n láti wá kun àwọn yàrá inú ilé alámọ̀ kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tí ayálégbé kún inú rẹ̀. A kò ní dárúkọ onílé náà. Orúkọ rẹ̀ kò yẹ ìwé yìí. Bàbá fi ìka kan ògiri, ó dún bí akèrègbè òfìfo. Wọ́n ha á. Ògiri ti lanu láti àjà dé ilẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Àwọn kan ti fi àkísà àti sìmẹ́ńtì dí i tẹ́lẹ̀, amọ̀ inú rẹ̀ sì ti di lẹ́búlẹ́bú. Wọ́n ránṣẹ́ pe onílé.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n dí i lọ́jọ́sí,” ni onílé wí. “Ẹ fi puti lé e, kí ẹ kùn ún.”

“Mi ò lè kun pósí fún ẹni tó ṣì wà láàyè,” ni Bàbá dá a lóhùn. “Ẹ jẹ́ kí àwọn ayálégbé kó jáde, kí ẹ wó o, kí ẹ tún un mọ.”

Onílé lé Bàbá. Wọn kò lọ. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n ń bẹ àwọn ayálégbé kí wọ́n jáde. Nígbà tí òjò ọ̀sán ọjọ́ náà dé, ìyá ayálégbé kan tó ń jẹ́ Ràmọ́tà, arúgbó tí kò lè rìn, nìkan ló kù nínú ilé. Bàbá wọlé lọ gbé e. Ràmọ́tà na ọwọ́ gba ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà; kó tó yíjú padà, ògiri ti wó lu Bàbá, ó sì pa wọ́n.

Kí ni onílé wá ń sọ kiri ìlú? Pé ọ̀bẹ tí Bàbá fi ha ògiri ló wó ilé òun! Ó tún fa màlúù wá sílé wa, ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdárò níbi ìsìn ìsìnkú. Màmá wa, Matilda, dìde.

“Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún gbogbo ìlú pé ẹ mọ̀ pé ògiri yẹn ti lanu. Bí ẹ bá ti sọ ọ́, kí ẹ padà wá.”

Ó fa màlúù rẹ̀ lọ. Títí a fi tẹ ìwé yìí, kò tíì padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá a gbé irọ́ náà kiri, Ràmọ́tà àti ìyá rẹ̀ ni yóò jókòó ti ẹbí níwájú lónìí. Ẹ bi wọ́n.

Bàbá fi ìyàwó wọn, Matilda, sáyé lọ. Àti àwọn ọmọ: Ernest, Rachel àti Gilbert. Ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àti Harold, ẹ̀gbọ́n Bàbá.

Ìbítáyọ̀, ọmọ Ògúnsànyà, kí Olúwa fi yín sí àyà rẹ̀. Ẹ sinmi, Bàbá. Ẹnu àwa ọmọ yín kò ní sinmi.