Pátákó "A Gboyè" àti Bàbá Tó Ń Sá fún Fọ́tò

Ajé, 3 oṣù Keje
Àbúrò mi máa gboyè lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìyá ní kí n kọ pátákó tí ẹbí máa dúró tì ya fọ́tò — ọmọ tó ń kọ pátákó fún gbogbo àdúgbò ò gbọdọ̀ gbé tilé fún ẹlòmíì. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń wá ni fọ́tò kan tí Bàbá wà nínú ẹ̀. A ò ní ẹyọ kan. Bí ẹ̀rọ fọ́tò bá ti yọjú báyìí, wọ́n á rántí nǹkan tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìnkùlé. Asáfọ́tò ni mo sọ wọ́n.

Ọjọ́rú, 5
"A GBOYÈ" gàdàgbà — ọ̀dà tó ń dán. Mo gbé fóònù sí i: ìmọ́lẹ̀ nìkan, lẹ́tà méjì ti pòórá. Ohun tó wu ojú ò wu fóònù.

Ẹtì, 7
Ọ̀dà tí kì í dán. Ilẹ̀ aró, lẹ́tà funfun. Ó yọ kedere.

Àbámẹ́ta, 8
Ìyá dúró kí n fi dánra wò, ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Orí wọn bo gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó ku "A". Wọ́n ní ṣé orí àwọn ló tóbi ni àbí pátákó ló kéré. Mo ní pátákó ni. Èmi náà gbọ́n.

Ajé, 10
Bàbá, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ káfíńtà, kan pákó gíga mìíràn fún mi. Òòlù gbá ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò wọn, èékánná dúdú. Wọ́n ní ìṣó ló yẹ̀, kì í ṣe àwọn. Mo ní mo ti fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sílẹ̀ fún wọn nínú fọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò ṣèlérí.

Ẹtì, 14
Pátákó ti gbẹ. Èmi ni mi ò tíì gbẹ — ọ̀dà nínú irun, ọ̀dà nígùnpá.

Àbámẹ́ta, 15
Àbúrò mi gboyè! Atẹ́gùn náà wá. Pátákó gíga tí mò ń fi fọ́nnu ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló sáré lọ dì í mú látẹ̀yìn bí kò ṣe Bàbá? "Ẹ máa yà á, mo ti mú un." Inú wọn dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Fọ́tò mẹ́tàlélógójì, gbogbo èèyàn ló wà níbẹ̀, títí dórí awakọ̀ tó gbé wa wá. Kò sí Bàbá. Èmi ni mo kọ́lé ìsápamọ́ fún wọn. Àfọwọ́fà gbáà ni. Inú bí mi, mi ò lè jẹun.

Àìkú, 16
Àbúrò mi pè mí, ó fẹ fọ́tò kan lójú fóònù. Létí pátákó: ìka mẹ́rin, èékánná kan dúdú. Ó ṣí òmíràn. Òmíràn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, kò sí èyí tí Bàbá ò sí." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Bàbá ní ká gé ìka yẹn kúrò, ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́. Àbúrò mi ti lọ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá.

Ẹtì, 21
Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Wọ́n ti fi férémù sí fọ́tò náà fúnra wọn, wọ́n gbé e kọ́ ibi tí ojú á ti kọ́kọ́ kàn án. Oníbàárà kan ń bi wọ́n pé èwo ni ọ̀gá nínú gbogbo èèyàn yìí. Wọ́n fi ìka dúdú yẹn gan-an tọ́ka: "Èmi nìyẹn. Bí mo bá jọ̀wọ́ ẹ̀ ni, kò sí fọ́tò."
Wọn ò rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọ fóònù láti yà wọ́n. Mo dá a padà sápò.